Ẹ Mọ Ohun Tí Ẹ Ń Mu Ní Àgbádárìgì O!

Ká sọ tòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé Mushin, Surulere àti Yaba ló mọ ọ̀nà Dubai ju ọ̀nà Àgbádárìgì lọ. Bí baálé ilé kan bá ti rówó díẹ̀, físà ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ìyàwó ẹ̀ á lóun fẹ́ẹ́ ra góòlù, àwọn ọmọ á láwọn fẹ́ẹ́ ya fọ́tò nídìí ilé tó ga jù láyé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlú kan wà nípìńlẹ̀ Èkó níbí, tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń wọ bàálù láti Amẹ́ríkà àti Brazil wá wò ó. Wọ́n á dúró létí òkun ibẹ̀, wọ́n á sì máa sunkún bí ọmọdé. Ọmọ Mushin tó wà nítòsí ò débẹ̀ rí, àfi ìgbà tó bá ń kọjá lọ sí Sẹ̀mẹ̀ nítorí ìrẹsì tàbí mọ́tò tòkunbọ̀.

Kì í sì í ṣe pé ìlú náà jìnnà. Bíi ọgọ́ta kìlómítà péré ni. Ọ̀nà ẹ̀ ló gbayì fún wàhálà. Láti ọdún 2009 tí ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fífẹ ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, eruku àti ẹrẹ̀ táwọn èèyàn Òkòkòmáíkò jẹ kì í ṣe kékeré. Àmọ́ nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina sí Mile 2. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Surulere lè wọ̀ ọ́ ní National Theatre tàbí Orílé-Igánmú, kó sọ̀ ní Mile 2, kó wá wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì níbẹ̀. Ẹni tó ń ti Mushin bọ̀ lè gba Oṣòdì já sí Mile 2. Láti ibẹ̀, ó di Ọ̀jọ́, Ìyànà-Ìbá, Òkòkòmáíkò, Ìjanikin àti Àgbárá kẹ́ ẹ tó wọ̀lú. Ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n tò sójú ọ̀nà yẹn bí ẹ̀wà inú páànù, àmọ́ ojú wọn wà lára àwọn tó ń ti bọ́dà bọ̀ jù. Ẹ ṣáà mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.

Ẹgbẹ́ alájọ kan ní Mushin ló panu pọ̀ lọ́jọ́ kan pé dípò káwọn pín ìrẹsì nígbà tí ọdún bá parí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, káwọn gba bọ́ọ̀sì kan, káwọn lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé, káwọn sì padà wálé lọ́jọ́ náà. Atẹ̀wé wà nínú wọn, aránṣọ wà níbẹ̀, ìyá alátà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta fóònù ní Yaba náà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Màmá àgbà kan tó ti lé láàádọ́rin ọdún jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ lé bááàgì ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn, ọmọ Ògù ni, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Àgbádárìgì gan-an ni wọ́n ti bí i, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Mushin ni ọmọ Yaba yẹn ti ń béèrè pé, "Ṣé a máa rí ẹmu gidi mu níbẹ̀? Torí ìyẹn lèmi ṣe ń bọ̀ o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohun mímu ló máa gba ọjọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì parí ẹ̀ lọ́dún 1845. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ló kọ́ ọ. Ẹni tó ń mú wọn káàkiri sọ̀rọ̀ Ajàyí Crowther fún wọn níbẹ̀, ìyẹn ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821. Wọ́n ti tà á fáwọn Potogí, wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ní Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822. Ọdún 1845 ló padà, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ó lé lọ́dún kan tó fi dúró síbẹ̀ torí ọ̀nà Abẹ́òkúta ò já geere. Ìgbà tó wá dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ó rí ìyá tó bí i lọ́mọ, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ nínú ìtàn yìí, ìyá alátà fi etí gèlè nu ojú.

Wọ́n wo ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere lọ́dún 1842. Igi ọ̀hún ti wó láti ọdún 1959. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ mọínmọ́ín tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé, wọ́n sì gba ọjà Vlekete lọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Èèyàn ni wọ́n ń tà ní Vlekete láyé ọjọ́un, bí wọ́n ṣe ń ta ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ń ka ohun táwọn òyìnbó fi ń pààrọ̀ èèyàn, ó ń ti ni lójú: ìbọn, ẹ̀tù, aṣọ, jígí, agbòòrùn, tábà, àti ọtí líle. Àwọn oníṣòwò Brazil máa ń kó tábà àti ọtí ìrèké wá. Orí òwò yìí sì ni ọtí òyìnbó ti rí ọ̀nà wọ inú àṣà ilẹ̀ yìí. Nígbà tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ tó di òwò epo pupa, jíìnì àwọn ará Holland ló gbòde. Síníáàpù tẹ́ ẹ̀ ń gbé síwájú àna lọ́jọ́ ìdána lónìí, tẹ́ ẹ fi ń gbàdúrà, tẹ́ ẹ fi ń ta sílẹ̀ fún òkú ọ̀run, ọ̀nà ojú omi yìí náà ló gbà wọlé. Kò sóhun tó burú nínú pé kéèyàn fi í ṣàdúrà o. Kéèyàn mọ ibi tó ti wá náà ni.

Ohun mímu àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ ká a sí ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n padà wọ bọ́ọ̀sì, atẹ̀wé kan tínú ti ń bí látìgbà tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn wọ́n nílé Mobee ló la ẹnu. Ó ní, "Àwọn Ègùn yìí náà! Wọ́n ta gbogbo wa tán. Jígí lásán-làsàn!"

Dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọmọ Ògù lèmi. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Àwọn tá a tà, ta ló kó wọn wá bá wa létí omi? Ṣé Ègùn ló lọ jí Crowther gbé ní Òṣogùn?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ìbéèrè ọ̀hún wúwo. Àwọn tó kọ lu Òṣogùn, ìtàn ti sọ pé Yorùbá àti Fúlàní ni wọ́n, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń dàrú, tí ilẹ̀ gbogbo ń gbóná. Ogun abẹ́lé ló ń pèsè ẹrú. Ìlú gbógun ti ìlú, ẹni tó ṣẹ́gun kó èrò, ó tà wọ́n fún alárọ̀ọ́bọ̀, alárọ̀ọ́bọ̀ dà wọ́n dé etíkun. Àwọn Dàhómì náà ò fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn tó wà létíkun gba tiwọn lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò lè fọ̀ wọ́n mọ́, àmọ́ ọ̀nà yẹn gùn, ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀ sì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jà á láìjà á yẹn ni wọ́n fi dé agbo ilé Séríkì Wílíámù Abass. Àfi bíi pé ẹnì kan ṣètò ẹ̀ fún wọn. Fárẹ̀mí lorúkọ tí wọ́n bí ọkùnrin yìí. Ọmọ Yorùbá ni, ará Ìjòga-Òrílé, lápá Ìlaròó. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú, tí wọ́n tà á, tó dé Brazil. Ó mọ̀wé, ó gbọ́ èdè òyìnbó, ó sì rí ọ̀nà padà wálé. Ẹ̀yin náà á rò pé ẹni tí wọ́n ti dè lókùn rí á kórìíra okùn. Rárá o. Òun náà ló di oníṣòwò ẹrú tí wọ́n ń pè lálákọlé! Ó di olówó, ó di Séríkì Mùsùlùmí, ó di alágbára tí ìjọba òyìnbó pàápàá kà sí, kó tó kú lọ́dún 1919. Yàrá ogójì ni wọ́n ní ó wà nínú bárákúùnù yẹn, ogójì èèyàn ni wọ́n sì ní wọ́n ń rọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan ò ju ibi tí ìdílé kan lè tẹ́ ẹní méjì sí lọ. Ẹni tó bá ti gbé fẹ́ìsì-mí-n-fẹ́-sì-ọ́ ní Mushin rí, tó rò pé òun mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fúnpọ̀, kó lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Atẹ̀wé ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kàn lọ bá dẹ́rẹ́bà, ó fún un ní omi inú ọ̀rá. Ìyẹn gbà á, ó dúpẹ́. Ó parí síbẹ̀.

Ohun mímu kejì, ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ló mu ún. Richard Lander lorúkọ ẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ẹ̀, Clapperton, kú sí Sókótó lọ́dún 1827, òun wá ń bọ̀ wá sí Àgbádárìgì kó lè rí ọkọ̀ wọ̀ relé. Adélé, ọba tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, ló ń ṣàkóso níbẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú bá lọ sọ fún un pé amí ni Lander, pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807 ló rán an wá. Wọ́n mú un lọ síwájú àwọn abọrẹ̀, wọ́n bu omi èèpo igi olóró fún un, wọ́n ní tó bá jẹ́ aláìṣẹ̀, kò ní í kú. Ó gbé e mu tán. Ó rìn jáde, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sí ilé tó dé sí, ó mu ohun tó jẹ́ kó bì í jáde kíákíá, ó sì yè é. Ọkùnrin yìí kan náà tún padà gba Àgbádárìgì wọlé lọ́dún 1830, tòun ti àbúrò ẹ̀ John, tí wọ́n fi tọ odò Ọya dé ibi tó ti ń wọ inú òkun. Ẹlòmí-ìn á ti sọ pé ẹsẹ̀ òun ò tún ní í tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé!

Ó kan kí wọ́n sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ́ dìjà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Wọ́n kó ẹ̀wù ìdóòlà síta, ó dọ̀tí, òórùn ẹja wà lára ẹ̀, ọmọ Yaba lóun ò ní í wọ̀ ọ́, pé á ba fọ́tò òun jẹ́. Màmá àgbà wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó sọdá omi yìí láyé àtijọ́, ta ló fún wọn ní nǹkan tí wọ́n fi máa léfòó? Wọ̀ ọ́ kíá, ká máa lọ." Ó wọ̀ ọ́.

Wọ́n rìn lórí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ oòrùn, láàrin igi àgbọn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń gbà. Àárín ọ̀nà ni kànga wà. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àlejò níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú lómi kànga yìí mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ọkàn wọn lè kú, kí wọ́n má bàa dìtẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn kànga yẹn, òkun ló kù. Àlọ rámirámi, a kì í rí àbọ̀.

Ohun mímu kẹta nìyẹn, òun ló sì yẹ kéèyàn rò jù. Torí tí omi yẹn bá jẹ́ lóòótọ́, báwo ló ṣe wá jẹ́ tí wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Yemọja ní Bahia títí dòní? Báwo ló ṣe jẹ́ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dín àkàrà lójú títì, tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé? Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Cuba ńkọ́, tí wọ́n ń kọrin lédè tí wọ́n ń pè ní Lucumí, tí Yorùbá tó bá tẹ́tí dáadáa á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ nínú ẹ̀? Omi ò lè fọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn dànù.

Màmá dúró níwájú kànga yẹn pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àwọn tó mu ún ò gbàgbé. Àwa tá ò mu ún la gbàgbé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Surulere ò lè kí mi ní Yorùbá délẹ̀." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ sọ?

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó sọdá padà, ebi ti ń pa wọ́n. Ẹmu tí ọmọ Yaba ti ń béèrè láti àárọ̀ wá dé wàyí, ohun mímu kẹrin. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, ẹlẹ́mu gbé kèrègbè kalẹ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀. Orí ọ̀pẹ lẹ́sẹ̀ ẹyìn ni tàkọ́kọ́ ti ń wá, ògùrọ̀ ní tiẹ̀ ń wá láti ara igi tó ń hù nínú àbàtà. Ó jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàlàyé bíi tíṣà. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí igi, ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọtí ẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kòkòrò tíń-tìn-tín tó ń mú ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú ti wà nínú ẹ̀ láìfi kún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà yẹn di ọtí láàrin wákàtí díẹ̀. Òun lẹ ṣe ń rí i tó ń hó. Tàárọ̀ máa ń dùn, tìrọ̀lẹ́ máa ń le, tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ẹmu tí wọ́n bá gbé dé Ojúẹlẹ́gba lálẹ́, tó ṣì dùn bí oyin, ẹ bi ara yín pé kí ló ń dùn nínú ẹ̀. Omi àti ṣúgà oníkóró kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń tà á.

Ẹmu ò kúkú dá ìjà sílẹ̀. Ìgò kékeré kan tí ẹnì kan yọ jáde ló dá a sílẹ̀. Ògógóró ni. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó wà lódì kejì bọ́dà ń pè é ní sodabi. Ẹmu kan náà ni wọ́n ń sè nínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń fi páìpù gba oru ẹ̀ kọjá nínú omi tútù, ohun tó bá kán sílẹ̀ ni wọ́n ń rọ sígò. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é nígbà ayé wọn, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é, bẹ́ẹ̀ owó orí jíìnì tó ń ti òkè òkun bọ̀ làwọn fúnra wọn ń jẹ! Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi ìyẹn gbèjà ògógóró títí dòní, pé ìlara ni. Ìlara wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má gbàgbé ọdún 2015. Ọdún yẹn lọtí ìbílẹ̀ pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, nípìńlẹ̀ Òndó, tó tún pa ọ̀pọ̀ nípìńlẹ̀ Rivers. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ wọn, ojú á ṣókùnkùn, ikú á tẹ̀ lé e. Àwọn kan rò pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró táwọn iléeṣẹ́ ń lò. Ẹnu ò lè tọ́ ọ mọ̀, imú ò lè gbóòórùn ẹ̀ yàtọ̀. Ìgò tẹ́ ò mọ ẹni tó sè é, tẹ́ ò mọ ohun tó fi kún un, ẹ gbé e padà fún un.

Ọmọ Yaba ti ń bu tirẹ̀, ó tún na ife sí dẹ́rẹ́bà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà, ẹ fi pa òùngbẹ. Ẹ̀yin náà lẹ nílùú." Atẹ̀wé tó bú Ègùn láàárọ̀ ló dìde tó gba ife yẹn, ó dà á sílẹ̀. Ó ní, "Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Ẹni tó máa wà wá délé ò ní í fẹnu kan án." Ariwo ta díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní òun ò tiẹ̀ ní í gbà á tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó wọ Mushin, gbogbo wọn pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ lọ, ẹ jí kúrò nílé kí mọ́tò tó dí Mile 2. Ẹ béèrè iye tẹ́ ẹ máa san fún ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó máa mú yín káàkiri kẹ́ ẹ tó gbéra, kí ọ̀rọ̀ má baà dàjà lójú omi. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn fún yín, ẹ béèrè ìbéèrè, torí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn náà wà. Ẹ wọ ẹ̀wù ìdóòlà bó ti wù kó rùn tó. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ ohun mímu, ẹ tọ́ ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí igi wò, ẹ fi ògógóró sílẹ̀ fún ẹni tó sè é. Dẹ́rẹ́bà yín ńkọ́? Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì bíi yanrìn. Ẹ bẹ́ ọ̀kan fún un, kó mu omi ẹ̀. Ìyẹn ò ní í pa á, kò sì ní í mú un gbàgbé ọ̀nà ilé.